Àlejò Ni Mí Àbí Òǹwòran?

Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi àti bàbá mi yóò wọ bàlúù lọ sí ìlú Ahmedabad, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, fún ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Mo ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, apá ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n máa sùn lóru, kì í ṣe apá.

Ohun tí mo ti kà nípa ìgbéyàwó níbẹ̀ kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá ìyàwó yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò fẹ́ fa ọkọ ìyàwó nímú! Àwọn àbúrò ìyàwó yóò jí bàtà ọkọ gbé pamọ́, kò sì ní rí i gbà àfi tó bá sanwó. (Mo rántí àwọn ìyá wa tó ń gba owó ìlẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹbí ọkọ níbi ìdána.) Wọn yóò kun làálì sọ́wọ́ ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń kùn ún nílé àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa. Tọkọtaya yóò yí iná ká, wọn yóò sì jọ gbé ìṣísẹ̀ méje, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ tirẹ̀. Ẹran kò ní sí nínú oúnjẹ, nítorí ìdílé náà kì í jẹ ẹran. Màmá mi ní àríyá wo nìyẹn.

Àǹkù ni a máa ń pe ọ̀gá náà. Ọdún pípẹ́ ni òun àti bàbá mi ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Ọ̀tà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a sin ìyá bàbá mi ní Abẹ́òkúta, Àǹkù wá. Wọ́n wọ aṣọ ẹbí. Wọ́n gbé làfún àti ewédú fún wọn, láìsí ẹran, láìsí ẹja. Wọ́n fọwọ́ jẹ ẹ́ bíi tiwa, ewédú sì ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ wọn. Mo yọ fóònù, mo ya fídíò, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Làfún ti mú òyìnbó so!” Mo gbé e sórí WhatsApp. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wo orúkọ àwọn tó ti wò ó. Orúkọ Àǹkù wà níbẹ̀.

Wọn kò sọ nǹkan kan. Oṣù púpọ̀ kọjá, ìwé ìpè ìgbéyàwó dé, orúkọ tèmi náà wà lára rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi àmì sábẹ́ “ọ” inú orúkọ mi bó ṣe yẹ.

Mo kọ́kọ́ rò pé wíwò gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe ìgbéyàwó kí ẹnikẹ́ni má wò ó? Ọkọ tó gun ẹṣin, tí ìlù ń dún níwájú rẹ̀, kò fara pamọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, “Wọ́n rí i, wọ́n sì pè ẹ́, wọ́n ti dárí jì ẹ́ nìyẹn.” Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹni tí kò bẹ̀bẹ̀ lè máa jẹ oúnjẹ ìdáríjì?

Mo tún wo fídíò náà. Ìyá àgbà kò sí nínú rẹ̀. Òkú kò sí, ọ̀fọ̀ kò sí, ìrìn àjò láti Ọ̀tà kò sí. Ọwọ́ àti ọbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Àǹkù jẹ ohun tí kò mọ́ wọn lẹ́nu nítorí tiwa, èmi gé “nítorí” yẹn kúrò, mo fi ìyókù ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Ahmedabad, èmi ni wọn yóò máa wò. Wọn lè fún mi ní igi méjì kí n bá wọn jó, n ó sì ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí ọmọ kan bá gbé fóònù sókè, kí ni n ó sọ?

Ìbéèrè mìíràn tún ń yún mi lẹ́nu. Láti ọdún 1961 ni òfin Íńdíà ti ka gbígba owó àti ẹrù lọ́wọ́ ìdílé ìyàwó léèwọ̀. Mo fẹ́ béèrè bóyá àwọn èèyàn ti jáwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n kò ní béèrè níbi ìgbéyàwó. Bóyá ọmọlúàbí ni mò ń ṣe, bóyá ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Lọ́jọ́ Sátidé, a óò lọ sílé Àǹkù. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ní kí n má ka ohunkóhun, kí n kàn dọ̀bálẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá Àǹkù yóò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ mi túmọ̀ sí. Wọ́n ní Àǹkù ti pẹ́ ní Ọ̀tà.