Ta Ni Ó Ni Ojú Inú Fíìmù?

Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Bàrúwà ra kámẹ́rà Rolleiflex lọ́wọ́ àwọn ọmọ onífọ́tò tó ti kú, tí nẹ́gátíìfù àwọn oníbàárà bàbá náà sì bá a wá nínú páálí. Ǹjẹ́ ó lè fọ̀ wọ́n, kí ó gbé wọn sórí Facebook?

Àwọn kan yóò ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. N kò gbà. Kámẹ́rà ni ó rà.

Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1929. Ojú méjì ló ní: tòkè fún wíwò, tìsàlẹ̀ fún yíyà. Onífọ́tò a tẹrí ba wò ó, bí ẹni ń kí àgbà.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí mìíràn a mú èyí tó kù lọ sí ilé fọ́tò. Wọn a yà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn a so méjèèjì pọ̀, ìyá a sì máa tọ́jú fọ́tò náà bí ère ìbejì. Marilyn Houlberg ará Amẹ́ríkà kọ nípa rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú páálí yẹn ńkọ́? Èwo nínú owó tí ọ̀dọ́ náà san ló kan ìyá yẹn?

Kí ó tọ́jú nẹ́gátíìfù náà, torí ooru Èkó a máa bà wọ́n jẹ́. Àmọ́ kí ó tó fi ojú ẹnikẹ́ni hàn, kí ó padà lọ béèrè bóyá ìwé orúkọ àwọn oníbàárà ṣì wà nílé.