Ó Fọwọ́ Sí I, Ṣùgbọ́n Ǹjẹ́ Ó Mọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ni a gbé wá lóṣù yìí. Bí ènìyàn bá fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ tí ó wá ba ara rẹ̀ jẹ́, ṣé a lè sọ pé òun ló fà á? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò yára sọ pé, "Ta ló rán an níṣẹ́?" Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Mike Webster.

Ará Amẹ́ríkà ni. Bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọn a sì máa ya lu ara wọn. Àwọn márùn-ún kan wà níwájú tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fi ara dí ọ̀nà, kí alátakò má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù. Webster ló wà láàárín àwọn márùn-ún náà. Òun ni í ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn gba abẹ́ itan rẹ̀. Kí ó tó gbé orí sókè, ẹni tí ó tóbi bíi tirẹ̀ ti kọlù ú. Ọdún 1974 ló bẹ̀rẹ̀, 1990 ló ṣíwọ́, sáà 17 gbáko. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni òun àti Pittsburgh Steelers borí nínú àṣekágbá. Síbẹ̀, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ni òǹwòran ń hó fún (ta ní ń wo ẹni tó dí ọ̀nà?).

Lẹ́yìn náà, ìrántí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Owó tán, ó ń sùn nínú ọkọ̀. Ó kú ní 2002, ẹni 50 ọdún.

Ọmọ Nàìjíríà ni dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò, Bennet Omalu, tó kàwé ní Yunifásítì Nsukka. Ó wo ọpọlọ náà lójú lásán, kò rí àbùkù. Kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó sì rí púrótéènì kan tó ṣù jọ níbi tí kò yẹ. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 2005. Àwọn dókítà inú ìgbìmọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù náà ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti 1999 ni ìgbìmọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àwọn agbábọ́ọ̀lù ti gbà pé ìfarapa orí ló sọ Webster di aláìlè-ṣiṣẹ́! Ó di 2016 kí aṣojú àjọ náà tó gbà ní gbangba pé bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ nínú irú àìsàn yìí.

Wọ́n lè ní ẹni tó bọ́ sójú ìjà mọ̀ pé wọn óò lu òun. Lóòótọ́, Webster mọ̀ nípa orúnkún àti ìka ọwọ́. Ṣùgbọ́n akoto kì í dá ọpọlọ dúró kí ó má mì nínú agbárí, àwọn ìkọlù kéékèèké tí kì í dá ènìyàn kú sì ń ṣù jọ síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ta màlúù fún ọ tó fi àìsàn rẹ̀ pamọ́, ṣé pé o ti sanwó ló sọ pé ẹjọ́ ti tán?

Ní oṣù keje 2017, ìwádìí mìíràn jáde: nínú ọpọlọ òkú àwọn agbábọ́ọ̀lù àjọ náà 111, 110 ló ní àrùn yìí. Àwọn ẹbí tí ara ti ń fu ló pọ̀ nínú àwọn tó fi ọpọlọ náà sílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ní in. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, John Urschel ti Baltimore Ravens, ẹni 26 ọdún tí òun náà ń dí ọ̀nà, fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ ní MIT. Ẹni tó ka ìwádìí kan náà tó sì padà sí pápá, àwa kò ní bá a jà. Ti Webster ló ṣì ń dùn wá.