Ta Ni Ó Ni Ara Tí Àtọ̀gbẹ Ń Gbé?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ràmàdáànì, ní àdúgbò Dowa ní Àjàṣẹ́, mo bá àgbàlagbà àlùfáà kan lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀, tí òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó sì ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó ti kú tipẹ́ pe ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi ṣúgà wá. Bàbá gbé ẹnu sá, ó ní òun kò ní í tìtorí ayé tí ó kù díẹ̀ ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí ó gún lẹ́yìn sààrì, ní ìwọ̀n kan náà tí ó máa ń gún nígbà tí kò sí ààwẹ̀, ni ó ti gbá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, oúnjẹ kankan kò sì wọlé láti fi rọ́pò.

Nígbà tí a rọ̀ ọ́ títí tí ó mu omi náà, tí ojú rẹ̀ sì wálẹ̀, mo bi í pé, “Bàbá, kí ni dókítà wí?”

“Ó ní n má gbààwẹ̀.”

“Ṣé ẹ sọ fún un pé ẹ óò gbà á?”

“Kò bi mí.”

Àwọn aládùúgbò tí wọ́n pé jọ mi orí, wọ́n ní àyànmọ́ ò gbóògùn. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọjọ́ ikú ni àwọn àgbà pa á sí, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni babaláwo ń fi ewé ṣe, kí sì ni àlùfáà fúnra rẹ̀ ń fi hàǹtú ṣe? Orí ni ó yan ire láti ọ̀run, ẹsẹ̀ ni ó sì ń gbé orí dé ibi tí ire náà wà. Àtọ̀gbẹ sì mọ ọ̀nà ẹsẹ̀ dáadáa: ó lè pa á kú tipiri débi pé ìṣó yóò gún ènìyàn kò ní í mọ̀, àfi bí ó bá kọ́ láti máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé bàbá kò mọ òfin. Súrà kejì nínú Kùránì, ẹsẹ 184 àti 185, tí ó yọ̀ǹda aláìsàn, ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéú. Ìtìjú ni ó mú un, pé kí gbogbo Dowa máa gbààwẹ̀ kí òun sì máa jẹun. Àti ìrò pé ara òun ni ọrẹ tí òun ní láti fún Ọlọ́run. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó ni ara, ẹni tí ó bà á jẹ́ láti fi wu Ọlọ́run dà bí ìwọ̀fà tí ó pa ewúrẹ́ olówó rẹ̀, tí ó fi ṣe olówó náà lálejò.

Ṣùgbọ́n n kò ní dá bàbá nìkan lẹ́bi, nítorí “kò bi mí” yẹn kò kúrò ní etí mi. Wákàtí 8,760 ni ó wà nínú ọdún kan. Aláìsàn tí ó rí dókítà nígbà mẹ́rin, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti lo méjì níbẹ̀, òun àti ìyàwó tí ń se oúnjẹ ni wọ́n sì ń ṣe dókítà fún èyí tí ó kù. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Elliott Joslin ti Boston mọ èyí, tí ó fi kọ ìwé kan ní ọdún 1918 tí dókítà àti aláìsàn yóò jọ máa lò, ọdún mẹ́ta kí Banting àti Best tó rí ínsúlínì ní Toronto: ẹ̀kọ́ ṣáájú oògùn. Ní ọdún 1926, Ernesto Roma dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Lisbon fún àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n jẹ́ tálákà, láàárín àwọn Potogí tí wọ́n sọ Àjàṣẹ́ di Porto-Novo.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ lágbàáyé tún ṣe lórí ààwẹ̀ ní ọdún 2021 wí pé kí aláìsàn àti dókítà ti jókòó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú Ràmàdáànì. Pé gígún ìka láti wo ẹ̀jẹ̀ kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Pé bí ṣúgà bá lọ sísàlẹ̀ ju gírámù 0.70 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, tàbí tí ó gòkè ju 3, kí onítọ̀hún ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí oòrùn wọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Dowa kò ju pé kí a máa kọ́ni ní èyí láti oṣù Rájáábù, ní Yorùbá àti ní Gùn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ àti gààrí gidi tí a bù sínú abọ́ kí ojú lè mọ ìwọ̀n. Kí dókítà náà sì bọ́ bàtà, kí ó jókòó lórí ẹní, kí ó kọ́kọ́ béèrè.

Bàbá kò gbààwẹ̀ ní èṣí. Tálákà kan ni ó ń bọ́ lójoojúmọ́ dípò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì ń wọn ẹ̀kọ fún àwọn méjèèjì.