Èsì Tí Ó Tọ́ sí Àlejò Tí Ń Béèrè Òjò

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó wà ní Ajah, àti ní gbogbo ilẹ̀ tí ó nà láti Lekki lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí onílé kò fi fún ayálégbé ọlọ́dún, ṣùgbọ́n tí ó ń gba àlejò sí fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Short-let ni àwọn ará Èkó ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń wọ̀ ọ́ ni ọmọ wa tí ó ti London bọ̀ wá ṣe ìgbéyàwó, àti ará Ìbàdàn tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fojú kan òkun. Kí wọ́n tó san owó, wọn a béèrè bí iná mànàmáná ti rí, wọn a béèrè omi, wọn a béèrè ààbò, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan yóò tẹ̀lé e tí ó dàbí ẹni pé ó rọrùn: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òjò kò ní í yọ wá lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ tí a ń bọ̀ yìí?" Ìdáhùn tí ó yẹ olóòótọ́ ènìyàn sí ìbéèrè yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí a rò pé ó le ju bí ó ti rí lójú lọ.

Onílé kan wà tí yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, "Ẹ má fòyà, oòrùn ni yóò máa ràn." Òpùrọ́ ni, a kò sì ní í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kejì ni ó gba àròjinlẹ̀. Òun a máa wí pé, "Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ọ̀la." Ta ni yóò bá a jiyàn? Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́, ó sì dún létí bí ọ̀rọ̀ onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn. Síbẹ̀ a gbà pé nígbà mìíràn ẹni tí ó sọ ọ́ jẹ̀bi bí ti ẹni ìṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní ohun tí í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa òjò Èkó. Ìjì a máa gbéra láti ìhà ìlà-oòrùn, a sì rọ́ wọlé láàárín wákàtí díẹ̀. Òjò lè rọ̀ ní Ajah bí ẹni pé ojú ọ̀run ya, kí eruku sì máa sọ ní Ìkẹjà. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn, gbà pé àwọn kò lè sọ bí ọjọ́ kan pàtó yóò ti rí bí ó bá ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Àlejò sì ti ń béèrè láti oṣù mẹ́ta ṣáájú! Àwọn baba wa mọ ìṣòro yìí; wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò ní kí babaláwo káwọ́ gbera nítorí pé ọ̀la ṣókùnkùn. Ó ní kí ó máa tún un béèrè ni.

Onílé kò mọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà òjò. Ó mọ̀ pé oṣù kẹfà ni òjò sábà máa ń pọ̀ jù lọ, pé ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, pé àrọ̀kúrò a sì padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ará London tí ó rò pé òun ti rí òjò rí kò mọ̀ pé èyí tí ń rọ̀ ní Èkó lọ́dún ju ìlọ́po méjì ti London lọ. Àjọ NiMet, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ń gbé ìwé jáde lọ́dọọdún tí ń sọ ìgbà tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Kí ni ó dé tí onílé kò fi ní í wò ó?

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù kò tilẹ̀ sí ní ojú ọ̀run. Ilẹ̀ ni ó wà. Ajah wà láàárín omi méjì, òkun ní gúúsù, ọ̀sà ní àríwá. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà tí a fi yanrìn dí. Nígbà tí ọ̀sà bá kún, omi inú gọ́tà kò rí ibi ṣàn lọ. Òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 gba ẹ̀mí ènìyàn ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, omi bo ọ̀pọ̀ òpópónà Lekki àti Victoria Island mọ́lẹ̀. Onílé tí ó ti lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ mọ òpópónà tí omi í dúró sí di ọjọ́ kejì. Ó mọ̀ bóyá ọkọ̀ kékeré lè kọjá, ó mọ àtẹ̀gùn tí omi í gùn dé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí; ojú onílé ni ó fi ń ríran. Ẹni tí ó bá wá fi orúkọ Ọlọ́run bo ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ti fi òtítọ́ ṣe iṣẹ́ irọ́. Ẹnu àlejò ń béèrè ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìyá ìyàwó yóò lè dé ibi ìgbéyàwó láìká aṣọ sókè. (Àwa olùkọ́ náà mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ń béèrè ohun kan tí ọkàn rẹ̀ sì wà lórí òmíràn.)

Ìtàn Robert FitzRoy, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Òun ni olórí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1854, òun ni ó sì mú kí ìròyìn bí ojú ọjọ́ ọ̀la yóò ti rí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ní ọdún 1861. Ó ṣọ́ra láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi hàn pé kì í ṣe iṣẹ́ wòlíì ni òun ń ṣe, bí kò ṣe ìrònú tí a gbé ka orí ohun tí a rí. Síbẹ̀ nígbà tí kò bá ṣẹ, wọn a fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó kú ní ọdún 1865, ní ọdún kejì rẹ̀ a sì dá ìkìlọ̀ ìjì tí ó ń fi ránṣẹ́ sí èbúté dúró nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ní kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Ta ni ó pariwo pé kí a dá a padà? Àwọn tí ń gbé ẹ̀mí wọn sínú ọkọ̀ ojú omi ni. Ní ọdún 1867 ìkìlọ̀ náà padà. Wọ́n mọ̀ pé ó máa ń kùnà, ṣùgbọ́n ó sàn fún wọn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Onílé lè wí pé, "Bí mo bá sọ gbogbo èyí, àlejò yóò kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò mi tí ó ṣèlérí oòrùn." Ó lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kò ní í tàn án pé òtítọ́ ń mú owó wá ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n àdánù ilé tí ó ṣófo fún ọ̀sẹ̀ kan kò ṣe é fi wé ti ẹni tí ó kó owó tí ó ti ń tù jọ láti ọdún kan fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí omi sì sé mọ́lé ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó di dandan kí ó sọ ohun tí a kò bi í? Níhìn-ín ni ọkàn wa ti pín sí méjì, nítorí kò sí ẹni tí ń ka gbogbo àbùkù ọjà rẹ̀ fún oníbàárà. A rò pé ohun tí ó lè pa àlejò lára, tàbí tí ó lè ba ìdí tí ó fi wá jẹ́, dandan ni. Èyí tí kò ju kí ó kàn bà á nínú jẹ́ díẹ̀, kí ó dúró de ìbéèrè.

Owó ni ó kù. Bí òjò bá rọ̀ tí àlejò kò sì rí ọ̀nà wọlé, ta ni yóò ru àdánù? Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. A kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru onílé. Bí ó bá ti sọ bí ọ̀nà ti rí ṣáájú, tí àlejò sì gbà láti wá ní oṣù kẹfà, àlejò mọ ewu náà kí ó tó yàn án, ohun tí onílé bá sì dá padà fún un, inú rere ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ tí ó dákẹ́, kí ó dá gbogbo owó náà padà, kí ó má sì dúró kí a tó bẹ̀ ẹ́. Ì bá dára kí a kọ èyí sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ àlejò, kí a sì tún fi ìròyìn mìíràn ránṣẹ́ sí i nígbà tí ó bá ku ọjọ́ márùn-ún kí ó dé, tí ojú ọjọ́ ti ṣe é wò.