Ta Ni Yóò Ka Òkú Ọmọ?

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: èyí tó ti kú ńkọ́?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nílé kejì sí tiwa ní Ìsọlọ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Gbogbo wa là ń gbọ́ igbe rẹ̀ lóru. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n ní ibà ni. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún ọlọ́pàá."

Bàbá onílé wa dáhùn pé, "Bàbá Ṣadé, rọra o. Ọ̀rọ̀ ilé onílé ni. Àbí ọmọ ẹ ni?"

Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ṣì ń dùn mí dòní.

Òfin Èkó ti ọdún 2007 ní kí wọ́n fi ikú òjijì tàbí ikú tó mú ìfura dání tó adájọ́ tó ń wádìí ikú létí. Ṣùgbọ́n òkú tí wọ́n bá gbé wá nìkan ni òfin lè rí. Bí wọ́n bá bèèrè lọ́la pé ọmọ mélòó ni lílù pa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ọmọ yẹn kò ní sí níbẹ̀. Ibà ló pa á.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba Amẹ́ríkà sọ ní 2011 pé àwọn ọmọ 1,770 tí wọ́n kà pé ìyà pa ní 2009 kò tó iye tòótọ́. Ọlọ́pàá ní ìwé tirẹ̀, dókítà ní tirẹ̀, wọn kò sì pa á pọ̀.

Ẹ wá wo Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast. Àwọn òbí rẹ̀ fi lé ìbátan lọ́wọ́, kó lè lọ kàwé, bí àwa náà ti ń ṣe. Ó kú ní London ní oṣù kejì ọdún 2000, pẹ̀lú àpá 128 lára. Wọ́n wádìí rẹ̀ ní gbangba. Ó hàn pé, ó kéré tán, ìgbà 12 ni wọn ìbá ti gbà á là. Ní 2004, wọ́n ṣe òfin tuntun. Ká ní Òṣòdì ló kú sí, ṣé a kò ní sọ pé ibà ni?

Àwọn kan á ní irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè ba ìyá tí ibà pa ọmọ rẹ̀ lóòótọ́ lórúkọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Nítorí náà, kí a má gbé orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìròyìn kí ìwádìí tó parí. Ṣùgbọ́n kí ìjọba máa kéde iye wọn àti ohun tó pa wọ́n lọ́dọọdún. Ìwádìí ló ń gba aláìṣẹ̀ lọ́wọ́ àhesọ. Ìkà náà kò sì lè jí òkú. Ọmọ tó kù nínú ilé kejì la ń kà á fún.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́mọ tiwọn wà lábúlé, kò gbọ́ igbe. Àwa tí a gbọ́ ló yẹ ká kà á. Èmi ti ka ọ̀kan. Ẹ̀yin ńkọ́?