Onígbàgbọ́ Nídìí Tábìlì Ìrékọjá

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn Onígbàgbọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí Ọdún Àjíǹde bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìjọ kan a tẹ́ tábìlì sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọn a gbé àkàrà àìwú, ewébẹ̀ kíkorò àti wáìnì kalẹ̀, wọn a sì ṣe Àjọ Ìrékọjá bí àwọn Júù ti ń ṣe é. Láti ọdún 1980 sì ni àwọn Onígbàgbọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ti ń wọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù nígbà Àjọ Àgọ́. Àwọn kan ní ohun tó dára ni. Àwọn mìíràn ní, "Ẹ̀yin tí Jésù ti dá nídè, kí lẹ tún ń wá lọ sábẹ́ òfin Mósè?" Àwọn Júù kan sì wà tí wọ́n ń wò wọ́n láti òkèèrè, tí wọ́n ń wí pé, "Ọdún tiwa rèé. Ta ló pè wọ́n sí i?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé ó yẹ kí Onígbàgbọ́ ṣe ọdún Júù? Bí ó bá yẹ, ọ̀nà wo ló yẹ kó gbà ṣe é? Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Ó dára ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí tábìlì náà. Àjọ Ìrékọjá ni àwọn Júù fi ń rántí alẹ́ tí àwọn baba ńlá wọn kúrò lóko ẹrú ní Íjíbítì. Nínú ilé, láàárín ọmọ àti ìyá àti bàbá, ni wọ́n ti ń jẹun náà. Àkàrà pẹlẹbẹ tí kò ní ìwúkàrà wà níbẹ̀, nítorí ìkánjú tí wọ́n fi jáde kò jẹ́ kí ìyẹ̀fun wọn ráyè wú. Ewébẹ̀ kíkorò wà níbẹ̀, kí ẹnu lè mọ bí oko ẹrú ti korò tó. Ẹni tó bá ti jẹ ewúro tí a kò fọ̀ rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Omi iyọ̀ dúró fún omijé. Ife wáìnì mẹ́rin ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu. Ọmọ tó kéré jù lọ ni yóò sì béèrè ohun tó mú alẹ́ ọjọ́ náà yàtọ̀ sí àwọn alẹ́ yòókù. Àgbà kan kò gbọdọ̀ lé e dànù pé ó ń yọ òun lẹ́nu. Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an ni àjọ náà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Bí wọ́n bá ti ń ka ìyọnu mẹ́wàá tí Ọlọ́run mú wá sórí Íjíbítì, wọn a máa yọ wáìnì díẹ̀ kúrò nínú ife fún ìyọnu kọ̀ọ̀kan. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ Júù ń ṣe fún ọmọ wọn ni pé ife ayọ̀ kò lè kún dẹ́nu nígbà tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bọ́, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀mí ọ̀tá. Ẹ gbọ́ ná! Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, bí a bá ń ṣe àìsùn alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá láti ré kọjá sínú ọdún tuntun, àdúrà pé kí gbogbo Fáráò ilé bàbá wa rì sínú Òkun Pupa kì í wọ́n lẹ́nu wa. Ọmọ àwọn tí Fáráò mú lẹ́rú ló wá ń dín wáìnì inú ife rẹ̀ kù nítorí àwọn ará Íjíbítì. Bó bá ṣe ẹ̀kọ́ yìí nìkan ni Onígbàgbọ́ lọ kọ́ nídìí tábìlì yẹn, kò rin ìrìn àṣedànù.

Àwọn tó lòdì sí i máa ń gbé Pọ́ọ̀lù kalẹ̀. Òótọ́ ni pé Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Gálátíà wí nítorí ọjọ́ àti oṣù tí wọ́n ń kà sí. Ó sì jẹ́ kó yé àwọn ará Kólósè pé òjìji ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kristi. Ṣùgbọ́n kí ló ń bí i nínú? Àwọn kan ló ń sọ fún àwọn tí kì í ṣe Júù pé wọn kò lè rí ìgbàlà bí wọn kò bá pa òfin Mósè mọ́. Dandan yẹn ni Pọ́ọ̀lù ń bá jà. Nígbà tí òun kan náà ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ó fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn oníkálukú. Jésù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣebí Júù ni. Ó lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Ìrékọjá, ó lọ fún Àjọ Àgọ́, Ìhìn Rere Jòhánù sì sọ pé ó wà nínú Tẹ́ḿpìlì nígbà Àjọ Ìyàsímímọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Onígbàgbọ́ jókòó nídìí àjọ Júù, kò rí ẹsẹ̀ fi múlẹ̀. Ẹni tó bá sì ní dandan ni, òun gan-an ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí.

Àwọn ará àtijọ́ mọ èyí. Ní nǹkan bí ọdún 155, Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Símínà, lọ bá Anicetus, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Àwọn ìjọ Éṣíà ń ṣe Ìrékọjá ti Kristi ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nísánì, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn Júù, nígbà tí Róòmù ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n sọ ọ́ títí, kò sí ẹni tó yí èkejì lọ́kàn padà. Síbẹ̀ wọ́n jọ gba Ara Olúwa, wọ́n sì fi àlàáfíà túká.

Kí ló wá lè mú Onígbàgbọ́ ayé òde òní yàn láti ṣe é? Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àkàrà àti wáìnì tí à ń gbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àsìkò Ìrékọjá ni Jésù fi í lélẹ̀, láàárín àwọn Júù ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn oko ẹrú náà, ìdajì ohun tó ń jẹ ni yóò máa mọ̀.

Ìdí kejì ni òmìnira. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà gbọ́ ìtàn Mósè lẹ́nu àwọn tó ń nà wọ́n ní pàṣán, wọ́n sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àwọn ni ìtàn náà ń bá wí. Harriet Tubman sá kúrò lóko ẹrú ní 1849, ó sì ń padà lọ kó àwọn ẹlòmíràn jáde; Mósè ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Kò sí Júù kan tó lè bínú sí ìyẹn. Ìtàn Ìrékọjá kò ní ìlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń ni lára lè wọ inú rẹ̀. Àmọ́ tábìlì Ìrékọjá ní onílé.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn kan máa ń sọ pé bí Jésù ti jẹ ẹ́ gẹ́lẹ́ làwọn ń jẹ ẹ́ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 70 ni àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè fi ọ̀dọ́ àgùntàn rúbọ mọ́. Àwọn olùkọ́ Júù ló tún àjọ náà tò sí ìdí tábìlì inú ilé, púpọ̀ nínú ètò tí a ń rí lónìí sì ti ẹ̀yìn ìgbà náà wá. Àwọn èèyàn tí wọ́n lé kúrò nílùú, tí wọ́n wó ilé ìsìn wọn, ni wọ́n fi ọgbọ́n gbà á là. Ẹnì kan kò lè sọ pé ogún bàbá òun ni wọ́n kàn ń bá òun tọ́jú.

Kí ni àwa Onígbàgbọ́ sì ti fi ṣe wọ́n lákòókò ọdún náà? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lẹ́yìn ìpàdé Níkéà ní 325, Constantine ọba kọ ìwé sí àwọn ìjọ pé kí wọ́n má ṣe ní ohunkóhun pọ̀ pẹ̀lú àwọn Júù nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àjíǹde. Ní 386 àti 387, John Chrysostom gun orí àga ìwàásù ní Áńtíókù, ó bú àwọn Júù bí ẹní láyin nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń lọ bá wọn ṣe ọdún. Ní 1144, ọmọdékùnrin kan kú ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n parọ́ mọ́ àwọn Júù pé àwọn ló pa á. Irọ́ náà dàgbà, ó di pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ Onígbàgbọ́ ni wọ́n fi ń po àkàrà àìwú. Ọjọ́ Àjíǹde gan-an ní oṣù Kẹrin 1903 ni àwọn èèyàn ìlú Kishinev, tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ilé àwọn Júù. Kó tó rọlẹ̀, Júù mọ́kàndínláàádọ́ta ti kú. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó pẹ́ kí àwọn aṣáájú ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ní 1965 ni Ìjọ Àgùdà kéde pé a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ikú Jésù ru gbogbo Júù. Ní 1988, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà nílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé bí Onígbàgbọ́ bá fẹ́ ṣe Ìrékọjá, kó bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni ín, kó má sì sọ ọ́ di eré Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Àwa Yorùbá kò ṣàì mọ irú ìwà yìí. Bí Alhaji ará ilé kejì bá fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, Onígbàgbọ́ á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, á kí i kú ọdún. Bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ náà á padà pẹ̀lú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ dúró nídìí àgbò Alhaji kó máa kọ́ ọ pé ohun tí àgbò náà dúró fún kọ́ lòun fi í ṣe? Àfojúdi nìyẹn. Ká wá ní ọdọọdún, lọ́jọ́ Iléyá gan-an, ni àwọn ará ilé tiwa ti ń lọ na Alhaji lẹ́gba, ṣé ẹnu wa á gbà á láti jókòó sípò rẹ̀ nídìí ẹran?

Èrò tèmi nìyí. Bí Júù bá pe Onígbàgbọ́ wá jẹ Ìrékọjá, kó lọ, kó jẹun, kó gbọ́ ju bí yóò ti sọ̀rọ̀ lọ. Bí ìjọ bá fẹ́ ṣe é fúnra wọn, kó jẹ́ láti kẹ́kọ̀ọ́ àti láti dúpẹ́. Kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn ẹni tó ni tábìlì náà, kí wọ́n má sì fi ìtàn Kishinev pa mọ́ fún wọn. Ẹni tó bá ń wá a bí oògùn àwúre, kó jókòó sílé rẹ̀. Ohun tí Onígbàgbọ́ gbà gbọ́ nípa Jésù, ó ní tábìlì tirẹ̀ tó ti lè sọ ọ́ láìgba ti ẹlòmíràn.

Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun. Àwo àgbà yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ tiwa ni ká yẹ̀ wò.