Bí A Bá Ní Ajá Rìnrìn-àjò

Ní èdè wa, ọba kì í kú. Ọba a máa wàjà. Bí ẹni ńlá bá papò dà, a ó ní erin wó. Bí àgbàlagbà bá ṣaláìsí, a ó ní ó ti lọ sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ takú lè ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó gbọ́ pé ọba wàjà tó wá gbé àkàbà lọ wo inú àjà bóyá kábíyèsí wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ mọ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀. Ọ̀rọ̀ àdàpè nìyẹn: a fi aṣọ bo òótọ́ ni, a kò jí i gbé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi.

Ẹ̀yin ará, bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá wá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ńkọ́? Inú ta ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà yóò ti di odindi?

N kò dédé hun ìbéèrè yìí jọ. Ó ti ilé kan wá níbí ní Jos, ilé tí àwa tí a jìnnà sílé ti máa ń rí àmàlà jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí rí mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń rí lẹ́yìn ọyẹ́. Ilẹ̀ á ti gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan, ètè á ti là, eruku á ti gba fèrèsé. Tó bá wá di ìparí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, òjò kan á rọ̀ lálẹ́, òórùn ilẹ̀ tútù á sì gba gbogbo àdúgbò. Kò sí ìgbà tí inú ọmọdé àti ajá dùn tó báyìí. Èsúnsún á máa fò yí iná ẹnu ọ̀nà ká, àwọn ọmọ á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, ajá á máa fò sókè, á máa fi ẹnu hán wọn kí wọ́n tó bọ́ sínú abọ́. Ìyá á máa pariwo nítorí ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ mẹ́jọ tó ń wọlé, mẹ́rin ti ajá, mẹ́rin ti ọmọ méjì. Bàbá á máa wo ẹ̀yìnkùlé, á máa ro ibi tí àgbàdo yóò wà.

Bingo ni orúkọ ajá ilé náà, bíi ti àìmọye ajá ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó ti wà nílé kí wọ́n tó bí ọmọ kejì. Ní òru òjò kan lóṣù kẹta, ọkọ̀ kan gbá a lójú títì, kò sì dúró. Bàbá rí i kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó sin ín. (Aládùúgbò kan ní ẹran rere ni wọ́n fi ṣòfò. Ní Jos, ẹran ajá kì í ṣe ohun tí à ń fi pa mọ́. Àwọn ará Oǹdó tó wà láàrin wa kò sì ní sọ pé àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.) Nígbà tí àwọn ọmọ jí, wọ́n sọ fún wọn pé Bingo ti bá ẹnì kan lọ sílé Màmá Àgbà, yóò padà dé láìpẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rin gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi Bingo sínú àdúrà: kí Olúwa mú un padà láyọ̀, kí ọkọ̀ tó wọ̀ má ṣe ní jàǹbá. Ó gba àdúrà yìí lọ́jọ́ Ìsinmi kan nídìí oúnjẹ, níṣojú àwọn àlejò láti inú ìdàpọ̀ wa. Àwọn kan ṣe Àmín. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sì tíì tán títí di òní.

Bùrọ̀dá kan ní ajá lásán ni, kí a má da ara wa láàmú. Kí ó lọ bi Nátánì wòlíì. Nígbà tí wòlíì náà fẹ́ kí ọkàn Dáfídì gbọgbẹ́, kò sọ ìtàn wúrà tàbí ti oko. Ìtàn ẹran ọ̀sìn kan ló sọ, ọ̀dọ́ àgùntàn tálákà tó ń bá àwọn ọmọ ilé dàgbà, tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ ẹnu wọn. Ọba tó ti fi ọgbọ́n pa Ùráyà tí kò mira, orí àgùntàn yìí ló ti bínú.

Sístà kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mú èyí tó le jù wá. Ó ní àwọn agbẹ̀bí Hébérù purọ́ fún Fáráò, Ọlọ́run sì ṣe wọ́n lóore. Bẹ́ẹ̀ ni Ráhábù náà fi àwọn amí pa mọ́, ó sì darí ọlọ́pàá ọba gba ọ̀nà ibòmíràn. N kò ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Fáráò ń wá ọmọ tí yóò pa ni. Ta ni ọmọ ọdún mẹ́rin fẹ́ pa?

Augustine, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, kọ ìwé méjì lórí irọ́ pípa. Nínú èkejì, tó kọ ní nǹkan bí ọdún 420, ó gbé ọ̀ràn kan kalẹ̀: bàbá kan ń ṣàìsàn dójú ikú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti kú láìmọ̀ fún un. Bàbá béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ. Òótọ́ lè pa á. Kí ni wàá sọ? Augustine kò ṣe bí òkúta. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀ràn náà wọ òun lára. Síbẹ̀ kò gbà kí a purọ́. Èmi kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi lè dúró síbi tí tirẹ̀ dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Òótọ́ nípa Bingo kò lè pa ọmọ. Ẹkún ni yóò sun. Yóò sun ún gan-an, láàárọ̀ tí bàbá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, tí ògì wà lórí iná, tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń fọn fèrè. Ẹkún yẹn ni wọ́n sá fún. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú irọ́ tí à ń pa fún ọmọdé tí à ń pè ní àánú, ara wa la fi ń ṣàánú. N kò fi èyí bú wọn. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ajá nínú òjò, kó tó lọ múra iṣẹ́, ti ṣe ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje wà nínú ilé náà. Nígbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo, ó rí i pé Dádì fo igun kan. Ó tún rí ẹ̀wọ̀n Bingo lórí ìṣó. Ajá wo ló rìnrìn-àjò láìmú ẹ̀wọ̀n? Ọjọ́ orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń mọ̀ pé ẹni tó kú kì í padà wá, nǹkan bí ọdún márùn-ún sí méje. Ó sọ fún sístà kan nínú wa ní ilé ìdáná, ó sì bẹ̀ ẹ́: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì, kí inú wọn má baà bàjẹ́.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọmọ ló wá ń dáàbò bo ìyá. Ẹrù tí wọ́n ní àwọn gbé kúrò lórí rẹ̀ ti padà sórí rẹ̀, kò sì rí ẹni bá a sunkún.

Àdúrà àbúrò rẹ̀ ló tún wúwo jù. Bí mo bá sọ fún ọmọ pé bísíkíìtì ti tán nígbà tí kò tíì tán, èmi àti òun ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Èyí ti kọjá bẹ́ẹ̀. A ti fi Ọlọ́run ṣe onídùúró gbèsè tí kò jẹ. Alaalẹ́ ni ọmọ ń béèrè, alaalẹ́ ni kò sí ìdáhùn. Lọ́jọ́ tó bá ṣírò rẹ̀, láàrin Dádì tó ń rí àti Ọlọ́run tí kò rí, ta ni yóò rò pé ó já òun kulẹ̀? Àwọn tó ṣe Àmín ní ìfẹ́ ọmọ sí ajá rẹ̀ ni àwọn ṣe Àmín sí. Kò tó lójú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àlejò kì í tú àṣírí onílé nídìí àmàlà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ etí àwọn òbí náà ló yẹ kó lọ bá wọn ní kọ̀rọ̀.

Ohun tí wọn yóò sọ kò pọ̀. Bingo ti kú. Ọkọ̀ ló gbá a. Kò ní padà wá. Dádì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Bí táyà ṣe ṣe é kò sí nínú ohun tí ọmọ béèrè, kí wọ́n dákẹ́ lórí ìyẹn. Kí wọ́n má sì ní ó sùn, kí oorun má baà di ẹ̀rù fún un. Yóò tún béèrè lọ́la, nítorí “kú” kì í tètè dúró lọ́kàn ọmọ ọdún mẹ́rin, wọn yóò sì tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bóyá Bingo wà lọ́run. Ibẹ̀ ni ìdánwò wà láti sọ ọ̀run di ilé Màmá Àgbà mìíràn. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Róòmù orí 8 pé a ó dá ẹ̀dá pàápàá nídè, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ajá kankan. “N kò mọ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dá Bingo kò gbàgbé rẹ̀.” Bàbá lè sọ èyí fún ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì ní ní láti yí i padà nígbà tí ọmọ náà bá pé ogún ọdún, tó wọ yunifásítì, tó sì ń béèrè nípa ẹlòmíràn.